Aṣọ Àlùkò Ìyáàfin Tolliver

Sátidé, ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, 2025

Mo parí apá aṣọ náà lónìí. Apá méjèèjì. Bọ́tìnnì mẹ́tàlélógún ló wà níwájú rẹ̀, mo sì fi aṣọ bo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ará ayé Ọbabìnrin Victoria ṣe máa ń ṣe é. Àwọ̀ elésè àlùkò ni, nítorí náà Àlùkò ni mo sọ ọ́. Ìka mi ti bó.

Ilé Tolliver ni mo ń rán an fún — ilé àtijọ́ kan lọ́nà Brandywine tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Tíṣà adúláwọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́dún 1886. Ní Sátidé méjì nínú oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 11, a máa ṣe níbẹ̀ bí ẹni pé ọdún 1889 la wà: ká fọṣọ, ká lọṣọ, ká dáná sí sítóòfù onírin, kí Ìyáàfin Tolliver fúnra rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, kó máa gba àlejò. Àwọn èèyàn á wá wò wá. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ìfẹ́ ló gbé wa débẹ̀.

Michelle ni ọ̀gá wa níbẹ̀. Olójú-Mẹ́rin ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí awò méjì ló máa ń wọ̀, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Kò tíì sọ ẹni tó máa jẹ́ Ìyáàfin Tolliver. Àmọ́ ta ló tún kù? Ara èmi Mùlíkàt ni mo fi wọn Àlùkò. Ìbàdí mi. Àyà mi. Gígùn ẹsẹ̀ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bísímílà.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 8

Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ní Cheverly, bí ìṣe. Sòkòtò mẹ́sàn-án, síìpù mẹ́rin, aṣọ ìyàwó kan tí wọ́n da wáìnì sí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà ní Amẹ́ríkà yìí, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo ń gbé. Kọ́sítọ́mà kì í rí mi. Èmi náà kì í rí wọn, gígùn ẹsẹ̀ sòkòtò wọn ni mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ jókòó níwájú lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú, kí n wọ aṣọ tó dáa, kí n má ṣiṣẹ́ kankan, kí àwọn èèyàn máa wò mí. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?

Aṣọ ayé ìgbà náà sì bá mi mu. Ọrùn bò, apá bò, ó ń wọ́lẹ̀. Léèsì máa wà lórí, Michelle sì ní kò sí wàhálà, kí ẹni tó bá ń wọ ìbòrí wọ̀ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún Baálé mi pé àbí mùsùlùmí làwọn obìnrin yẹn ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Àlàmísì, ọjọ́ 11

Kí n kọ èyí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa jiyàn lọ́jọ́ iwájú: ÈMI ni mo mú Oyèníkẹ́ lọ sílé Tolliver.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Mo fi ọdún méjìlá jù ú lọ. Nígbà tó dé láti Nàìjíríà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa ní Beltsville ló gbé fún oṣù méje. Èmi ni mo kọ́ ọ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ló ń lọ, àmọ́ bí Iléyá bá dé, òun ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wa, ọ̀bẹ á ti wà nínú báàgì rẹ̀, ó ti dé láti bá mi gé ẹran. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè mí. Kò pe orúkọ mi rí.

Ọrùn rẹ̀ gùn. Ọlọ́rùn-Gígùn ni mo ń pè é níbí. Ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà o.

Sátidé, ọjọ́ 13

Ọlọ́rùn-Gígùn ni.

Olójú-Mẹ́rin dúró láàárín pálọ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ní Oyèníkẹ́ ló máa jẹ́ Ìyáàfin Tolliver. Ó ní ó jọ fọ́tò obìnrin náà tó wà lára ògiri, pàápàá níbi ọrùn. Ọrùn! Èmi ńkọ́? Alágbàfọ̀. Alágbàfọ̀ ilé Tolliver. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fún mi ní ẹ̀bùn.

Òótọ́ sì ni, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹnu mi ló kó bá mi. Ìwé ni Michelle kà kó tó mọ̀ pé wọ́n ń fi búlúù sí omi kí aṣọ funfun lè mọ́ gaara. Ìyá àgbà mi ní Ìdí-Àrẹ ń fi búlúù sí omi lójú mi, mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo ti ń fẹ́ná sí i kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọ́n omi sí aṣọ tí sítáàṣì ti mú kó gan. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìtàn níbí, iṣẹ́ òwúrọ̀ Sátidé ni nílé wa. Mo wá ń ṣe ojú-ayé láti ọjọ́ yìí, mò ń fi han gbogbo wọn, mò ń yangàn. Bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi sọ ara mi di alágbàfọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a fẹ́ lọ, Oyèníkẹ́ kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, níbi ìgbọ́kọ̀sí, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò bí yín nínú?" Mo ní kí ló máa bí mi nínú, kó dìde, àwọn èèyàn ń wò. Páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí dénú ilé nítorí ẹ̀rín tí mo fipá rín.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Yàrá ìsàlẹ̀ pàápàá.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 14

Mo jẹ búrẹ́dì odidi kan tán pẹ̀lú bọ́tà. Ebi ò pa mí.

Túsìdeè, ọjọ́ 16

Mo sọ fún Baálé. Ṣàmsúdéènì Sàlámì ọkọ mi — ogún ọdún ó lé tó ti ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbè sẹ́yìn ìyàwó ẹni. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi aṣọ òkú ṣe. Mo ní aṣọ òkú kọ́, èmi ni mo rán an. Ó ní, "Òjòwú ò lẹ́ran láyà, Mùlí. Lọ wo ara ẹ nínú dígí."

Mo lọ wò ó. Ẹran wà láyà mi dáadáa. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ gan-an nìyẹn: ìbàdí Ọlọ́rùn-Gígùn fi ínṣì mẹ́ta kéré sí tèmi. Èmi náà ni mo máa fi ọwọ́ mi dín Àlùkò kù.

Jímọ̀, ọjọ́ 19

Ìlara ni Lẹ́mọ́mù fi ṣe khútúbà lónìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo na ọrùn láti ibi tí àwa obìnrin jókòó sí, mò ń wá fìlà Baálé, àbí òun ló lọ bá a sọ ọ́?

Sátidé, ọjọ́ 20

A dán an wò láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Michelle kó póò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣàlàyé fún wa bí ìránṣẹ́ ṣe ń gbé e sọ̀kalẹ̀ ní àárọ̀, kí àlejò tó dé. Àwa ọmọ Nàìjíríà méjì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Oyèníkẹ́ wò mí, mo wò ó, a jọ rántí póò ìyá àgbà kálukú wa. Fún ìṣẹ́jú kan mo gbàgbé pé inú ń bí mi.

Lẹ́yìn náà ni Olójú-Mẹ́rin mú ti pálọ̀ wá. Ó ní alágbàfọ̀ á gbé aṣọ tó ti lọ̀ wọlé nínú apẹ̀rẹ̀. Á dúró síwájú ìyáàfin. Á tẹ orúnkún díẹ̀. Á ní, "Yes, ma'am." Á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ìyáàfin á fi ní kó máa lọ.

Èmi! Kí n tẹ orúnkún fún Oyèníkẹ́! Ọmọ tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì! Mo fẹ́ sọ fún Michelle pé èèwọ̀ ni nílẹ̀ wa, pé ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ á figbe ta tó bá gbọ́. Ibo ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀? Á ní eré ni. Mo tẹ orúnkún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, torí ó ní èkíní le jù, èkejì yára jù.

Ọlọ́rùn-Gígùn jókòó, kò mira. Kò wò mí. Fèrèsé ló ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di apá àga mú gírígírí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi jẹ́ ìyáàfin, kò lè wojú ẹ̀gbọ́n mọ́. Agbéraga!

Àlàrùba, ọjọ́ 24

Oyèníkẹ́ wá dán Àlùkò wò nílé wa. Mo fi kọ́séètì, aṣọ abẹ́ olókùn tó ń fún ìbàdí pọ̀, dì í. Mo fa okùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Kò ráhùn.

Kí n sọ òótọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó máa ka ìwé yìí: ó bá a mu. Ó bá a mu ju bó ṣe máa bá mi mu lọ. Kọ́là náà gun ọrùn rẹ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ tàn. Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mò ń gún píìnnì mọ́ ìsàlẹ̀ aṣọ, omi sì dà sí mi lójú. Mo ní eruku ni.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ nípa eré yìí." Mo fi ìka tọ́ka sí ẹnu mi, píìnnì kún un. Ó dúró. Nígbà tí píìnnì tán lẹ́nu mi, mo ní mo fẹ́ kí Àsárì. Ó lọ.

Jímọ̀, ọjọ́ 26

Ó gbé fọ́tò rẹ̀ nínú Àlùkò sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Gbogbo obìnrin Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn tó wà ní agbègbè yìí ló ń pariwo. Olorì! Ìyàwó ọba! Felicia tó ń gbé Brandywine, tí kì í kí èèyàn, fi àmì iná mẹ́sàn-án sí i.

Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ló rán an, ọwọ́ wọn kò ní í rọ." Ẹni méjì ló dá ìyẹn lóhùn. Ọ̀kan ní àmín. Èkejì bi mí bóyá mo máa ń gé jíǹsì kúrú.

Túsìdeè, ọjọ́ 30

Mo ti ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ̀ bóyá kí n kọ ọ́.

Mo dín ìbàdí Àlùkò kù. Ọwọ́ ọ̀tún, mo fi máṣíìnì rán an lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tó lè já a. Ọwọ́ òsì, láti abẹ́ apá dé ìbàdí — mo tákì rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tákì ni àwa télọ̀ ń pè é tí a bá fi òwú gígùn kan di aṣọ mú fún ìgbà díẹ̀, kí a tó rán an dáadáa. Téèyàn bá fà á, á tú. Mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú rẹ̀. Látìta, kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Kò kúkú ní í ya tó bá jókòó jẹ́ẹ́. Ìyáàfin ayé ìgbà náà kì í bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣa nǹkan nílẹ̀. Tó bá jókòó gbagidi, tó ń wo fèrèsé bó ṣe ń wò ó níjọ́sí, kò sí nǹkan tó máa ṣe aṣọ. Àmọ́ tó bá fẹ́ máa yí síbí yí sọ́hùn-ún, kó máa na ọrùn káàkiri kí wọ́n lè yà á ní fọ́tò — ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi. Mo kí Mọ̀gáríbì lẹ́yìn rẹ̀, mi ò mọ súrà tí mo kà.

Àlàrùba, ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá

Mo gbé Àlùkò lọ fún Michelle. Ó gbá mi mọ́ra. Ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Àlàmísì, ọjọ́ 2

Mo lè pe Michelle. Mo lè ní mo gbàgbé nǹkan kan lára aṣọ náà. Fóònù wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Mi ò pè é.

Sátidé, ọjọ́ 4

Mo gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

Oòrùn wà. Èrò tó ogún, àti àwọn ọmọ kéékèèké. Mo ti fẹ́ná láti aago mẹ́jọ, mo ti fọṣọ nínú ọpọ́n ńlá lójú wọn, mo fi búlúù sí i, mo jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìka kan omi náà. Mo lọ aṣọ ìrọ̀rí mẹ́fà. Wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè, mò ń dáhùn. Obìnrin kan ní òun kò mọ̀ pé ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi ń lọṣọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ká sòótọ́, mo ń gbádùn ara mi, ọkàn mi ò sì sí lára Àlùkò mọ́.

Ó kan pálọ̀. Mo kó aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀, mo wọlé, èrò tẹ̀lé mi. Ọlọ́rùn-Gígùn wà lórí àga, tíì wà níwájú rẹ̀. Ó wo fèrèsé. Ó di apá àga mú. Mo dúró síwájú rẹ̀, ọwọ́ mi wúwo, ooru áyọ́ọ̀nù ṣì wà lójú mi, òógùn ń bọ́. Mo tẹ orúnkún. Orúnkún mi dún. Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ara mi yẹ̀ díẹ̀.

Ó yíjú kúrò lójú fèrèsé, ó wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó sì dìde, ó kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, kanlẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé Tolliver, nínú Àlùkò, níwájú alágbàfọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mi ò lè ṣe é mọ́."

Ó ya.

Ó ya láti abẹ́ apá dé ìbàdí, ariwo rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fa àkísà ya. Kọ́séètì jáde, ṣìmí jáde, ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ jáde. Ọkùnrin kan ti gbé fóònù sókè. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ gbá a létí. Oyèníkẹ́ kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ bò. Ọmọ tí kì í wọ aṣọ tí kò lápá!

Mo ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wé e, mo gbá a mú, a wọ kíṣìnnì. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo yọ abẹ́rẹ́ tí mo gún mọ́ àyà ẹ̀wù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ ọn lára. Ó ń sunkún. Kí ló sọ? Ó ní, "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo ba iṣẹ́ yín jẹ́. Gbogbo wàhálà yín." Ó ní láti ọjọ́ tí a ti dán an wò ni òun ti ń di àga mú kí òun má bàa kúnlẹ̀, tí òun kò sì lè wojú mi nítorí ìtìjú. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ orúnkún mi, apá òun kò ká a mọ́.

Agbéraga, àbí? Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló rí òwú tó yọ lára aṣọ náà. Òwú funfun. Ó fà á. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò já, gígùn rẹ̀ tó apá mi. Òwú máṣíìnì kì í jáde bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tákì, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi, ní òtútù ọdún tó dé.

Ẹkún rẹ̀ dáwọ́ dúró. Mo rán aṣọ náà tán.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 5

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Baálé bi mí kí ló ṣe mí. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó tẹ ẹ̀bà fúnra rẹ̀, ó gbé e wá bá mi. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 6

Michelle pè mí níbi iṣẹ́. Ó ní kí èmi wọ Àlùkò ní Sátidé tó ń bọ̀, kí Oyèníkẹ́ ṣe alágbàfọ̀. Ó ní Oyèníkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní Oyèníkẹ́ ti bẹ òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú oṣù tó kọjá. Pé òun kò lè jókòó kí ẹ̀gbọ́n òun wà lórí ìdúró. Pé tí òun bá sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n òun, á dà bíi pé òun ń ṣàánú wọn, nítorí náà kí Michelle ṣe é bí ẹni pé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Michelle ní òun kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, òun rò pé ìtìjú lásán ni. "Lánàá kò bẹ̀bẹ̀," ó ní. "Ó kàn kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: kí wọ́n gbé aṣọ náà fún ẹni tó rán an."

Mo yẹ kí n kọ̀. Ẹnikẹ́ni tó ní ojú á kọ̀. Mo ní mo gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Àlàrùba, ọjọ́ 8

Mo tú ìbàdí Àlùkò, mo dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, máṣíìnì. Ọwọ́ òsì, máṣíìnì, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo pe Oyèníkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Kò gbé e.

Sátidé, ọjọ́ 11

Mo jókòó sí pálọ̀. Àlùkò bá mi mu rẹ́gí. Ìbòrí mi wà lábẹ́ léèsì, kọ́là di ọrùn mi mú, ọwọ́ mi wà lórí itan mi, mi ò ṣe iṣẹ́ kankan. Èrò lé ní ọgbọ̀n. Gbogbo wọn ń wò mí. Obìnrin kan sọ fún ọkọ rẹ̀ pé mo dà bí ayaba. Baálé wà lẹ́yìn pátápátá, ó wọ kóòtù, ó ń yà mí ní fọ́tò, ẹyin ojú rẹ̀ ń tàn. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún nìyí, mo rò pé inú mi máa dùn. Mo ń dúró dè é kó dùn.

Oyèníkẹ́ wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ó fi gèlè pupa wé orí, ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó dúró síwájú mi. Ó tẹ orúnkún, díẹ̀, gẹ́lẹ́ bí Michelle ṣe kọ́ wa. Kò kanlẹ̀. Ó ní, "Yes, ma'am."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sọ ọ́ níbẹ̀, ní Yorùbá, níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Oyèníkẹ́, èmi ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìlara ló mú mi. Ó wù mí kí ìwọ náà tẹ́. Forí jì mí."

Àwọn èrò rò pé ó wà nínú eré. Òun ṣì tẹ orúnkún bẹ́ẹ̀, apẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tún etí aṣọ ìrọ̀rí ṣe.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wò mí tààrà, ó fi òyìnbó bi mí bó ṣe wà nínú eré, ṣé nǹkan mìíràn kù tí ìyáàfin ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi ni kí n ní kò sí, kó máa lọ. Ó dúró dè mí. Ó dúró títí. Nígbà tó yá, ó lọ láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 12

Baálé ti fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Wọ́n ń pè láti Ìbàdàn. Mo sọ fún un níkẹyìn, gbogbo rẹ̀, láti orí tákì. Kò bú mi. Ó jókòó, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, "Háà, Mùlí." Ì bá sàn kó bú mi.

Àlàmísì, ọjọ́ 16

Mo rí Oyèníkẹ́ lónìí, ní ilé ìtajà àwọn ará Áfíríkà tó wà ní Beltsville, níbi iṣu. Mo ti fẹ́ yà bàrá, ó ti rí mi. Mo ní ó máa sá fún mi ni. Kò sá. Ó ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ọjà rẹ̀ wá bá mi.

Mo ti na ọwọ́ mi díẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá fẹ́ gbé e dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ọwọ́ náà ti kọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún márùn-ún.

Ó dúró ṣánṣán. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kẹ̀kẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó dáa, ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí aládùúgbò. Ó ní, "Good afternoon, Mrs. Sàlámì." Ó bi mí pé ọkọ mi ńkọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ti ń tutù. Ó ní òun á máa lọ, òun gbé ọkọ̀ sí ibi tí kò yẹ.

Ará Amẹ́ríkà kan tó bá dúró níbẹ̀ á ní ọmọ náà mà níwà o. Kò sí àrífín kankan nínú rẹ̀. Mo wá a, mi ò rí i.

Mo ní, "Good afternoon." Mo mú iṣu kan, mo gbé e sílẹ̀, mo mú òmíràn.